Bí Èmi àti Máwòmí Ṣe Gun Òkè Ìgbafẹ́

Ẹ̀yin tí òjò ká mọ́ abẹ́ àtíbàbà mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ má wo ojú ọ̀run mọ́, òjò yìí kò ní dá títí n ó fi sọ̀rọ̀ mi tán, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ ẹni tó ń hun agbọ̀n, ẹ sún mọ́ra kí àfẹ́fẹ́ má fẹ́ omi sí yín lára. Ẹni tó bá ní ikọ́, kí ó tètè wú u tán báyìí. Èmi Ọdẹ́gbàmí ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ọkọ Àwẹ̀ró, ẹni tó gbá iwin létí tí iwin fi ń pe ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, ọ̀nà ilé rẹ̀ nìyẹn, kí ó bọ́ sínú òjò.

Mo ní ajá kan. Kì í ṣe irú ajá yín tó ń gbó ewúrẹ́ kiri o. Ajá ọdẹ ni, pupa bí ilẹ̀ oko, orúkọ rẹ̀ sì ni Máwòmí. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín! Ẹ kúkú mọ bí a ti í sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú wa tí a kò lè sọ sójú aládùúgbò, ajá la fi ń sọ. A ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí, a ó pariwo orúkọ náà, ajá á sáré wá, ọ̀rọ̀ á sì dé etí ẹni tó ni ín. Kò sí ẹni tó lè mú wa. Ajá wa la pè.

Ohun tó fa orúkọ ti tèmi nìyí. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Láníyonu ti ìlú òkèèrè wá, ó sì ń gbé ilé tó kọjú sí tèmi. Agbọ̀n ló ń hun. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé, bí mo bá ti gbé ìbọn kọ́ èjìká tí mo yọ sí ìta, ọkùnrin yìí á gbé ojú lé mi, á la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan. Á kàn máa wò mí. Mo ní, háà, irú ojú wo nìyí? Ṣé ẹran tí mò ń pa ló ń ka lọ́kàn ni, àbí ọjọ́ ikú mi ló ń wá? N kì í dúró bi í. Ọdẹ tó bá ń dúró lówùúrọ̀, ipa ẹsẹ̀ ẹran ni yóò bá. Ìgbà tí mo ra ọmọ ajá kan, mo sọ ọ́ ní Máwòmí, mo sì ń pè é lójoojúmọ́ kí Láníyonu lè gbọ́: "Máwòmí! Máwòmí o! Ṣé o ò gbọ́ ni, Máwòmí?" Ajá á wá. Láníyonu kò sì ṣíwọ́ wíwò.

Ajá náà dàgbà, ó di akọni. Lọ́jọ́ tí ẹfọ̀n kàn mí mọ́ igi ìrókò, tí ìbọn mi já bọ́, òun ló fi eyín di imú ẹfọ̀n mú títí mo fi rí àdá mi fà yọ. Àpá rẹ̀ nìyí ní ìhà mi, ẹni tó bá fẹ́ kí ó wá fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń jẹun, Máwòmí náà ń jẹun. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò fi òwe sọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó kọ́kọ́ kọlu ìkòkò omi Àwẹ̀ró. Lẹ́yìn náà ni ó gbó èmi olówó rẹ̀ bí ẹni gbó olè. Ohun funfun kan bò ó lójú. Ewé tí mo mọ̀, mo já a. Èyí tí n kò mọ̀, mo bèèrè. Asán ni. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi ní kí n ra òmíràn, ẹnìkan nínú wọn tilẹ̀ ń wo itan rẹ̀ bí ẹni ń wá ohun tí yóò bọ́ sí ọbẹ̀. N kò dárúkọ onítọ̀hún. Ó wà lábẹ́ àtíbàbà yìí, ó ń wo ilẹ̀.

Bàbá Ọdẹ́tọ́nà, àgbà ọdẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dìde mọ́ lórí ẹní, òun ló pè mí. Ó ní, "Ọdẹ́gbàmí, òkè kan wà tí ń jẹ́ Òkè Ìgbafẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn iwin ti ń mú ajá wọn ṣeré. Orí rẹ̀ ní ìsun kan, Ìsun Ìlajú. Ajá tí ìsun yẹn bá wò, ajá náà á ríran. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í mú ajá lọ síbẹ̀ o. Ajá ló ń mú ènìyàn lọ. Bí o bá fẹ́ ṣe ọ̀gá, jókòó sílé."

Bí mo ti ń di ẹrù, Àwẹ̀ró dúró tì mí, ó kó ọwọ́ lé ìbàdí. "Bàbá Àkànmú, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi níyàwó, ẹ ò mú mi lọ ibi ìgbafẹ́ kankan rí. Ajá lẹ wá fẹ́ mú lọ!" Ó ń sọ ọ́, ó sì ń di ẹran gbígbẹ fún Máwòmí sínú ewé, èyí tó sàn jù nínú àjà. Bí obìnrin náà ti rí nìyẹn.

Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Mo rìn títí ilẹ̀ tí mo mọ̀ fi tán, mo wá rí òkè lórí òkè, òkè lẹ́yìn òkè, ìkúukùu wé wọn lórí bíi gèlè. Èmi tí mo ti sùn sínú ihò ìkookò, mo rí i pé n kò tíì rí ilé ayé.

Ní ẹsẹ̀ òkè, iwin kan jókòó lórí àpáta, etí rẹ̀ méjèèjì wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ ìborùn. Mo na ọwọ́ sí ìbọn. Iwin náà kò wò mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Máwòmí.

"Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé àlàáfíà ni ẹ bá dé? Ta wá ni ẹ mú dání yìí? Ènìyàn yín ni?"

Máwòmí gbọn ìrù.

"Ó dáa. Ṣé kì í bunijẹ?"

Máwòmí ronú díẹ̀. Òtítọ́ ni mo sọ fún yín, ajá náà ronú! Ó tún gbọn ìrù.

Iwin náà wá fa okùn kan yọ, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá, òfin òkè wa ni. A kì í tú ènìyàn sílẹ̀ níbí, wọ́n máa ń lé ẹyẹ kiri." Ó so okùn náà mọ́ mi lọ́rùn, ó fi etí okùn kejì sí Máwòmí lẹ́nu.

Èmi Ọdẹ́gbàmí! Mo wo ìbọn mi, mo wo iwin, mo wo ojú ajá mi tó funfun bí ẹyin. Mo na ọrùn. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ṣé o ní ajá? O ò ní. Pa ẹnu rẹ dé.

Báyìí ni afọ́jú ṣe ń fa olójú lọ. Ìlú kan wà ní àárín òkè, ìlú tí gbogbo àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ òkúta, tí a gbẹ́ ìpasẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Àwo omi tútù wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo. Mo rí iwin gíga tó gbé ajá kékeré bí eku sí àyà. Mo rí òmíràn tí ajá rẹ̀ tóbi tó ẹṣin, àwọn méjèèjì jọ ń wo bí oòrùn ti ń kọjá lójú àfonífojì, wọn kò sọ̀rọ̀, inú wọn sì dùn. Ó jọ mí lójú. Àwa ènìyàn, bí a bá mú ajá jáde, ẹran tí yóò bá wa pa la torí rẹ̀ mú un jáde. Àwọn yìí kò wá nǹkan kan. Wọ́n kàn jáde ni.

A wọ ilé olóúnjẹ. Obìnrin iwin tó ni ibẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni ojú rẹ̀ wà, bí ó bá fẹ́ wò ọ́, á na ọwọ́ sí ọ bí ẹni ń dá ọ dúró. Ó tẹ́ ẹní fún Máwòmí, ó gbé ẹran ọ̀yà tó ń rú èéfín síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí mi.

"Ènìyàn yín ńkọ́, bàbá? Ṣé kí n wá eegun fún un?"

Ebi ń pa mí. Mo jẹ eegun náà. Nígbà tí mo ń fà á mu, obìnrin náà ní, "Ènìyàn, ẹni tó bá jẹun mi a máa já àlọ́ mi. Mo sọ òkò sí ẹni tó wà níwájú mi, kò bà á. Ẹni tó ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn ló fọ́ lójú. Kí ni òkò náà?"

Mo ní kànnàkànnà ni. Ó ní rárá. Mo ní ìbọn tó yìn sẹ́yìn ni. Ó ní rárá. Mo ní ẹni tó sọ òkò náà kò mọ òkò sọ. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ìyẹn fẹ́ sún mọ́ ọn. Máa gbé e lọ, ó máa yé ọ lórí òkè." Ó rọ omi sínú akèrègbè mi, ó ṣí ọ̀nà fún wa.

Níbi tí ọ̀nà ti tín-ín-rín, tí ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún, tí ọ̀gbun wà lósì, ìkúukùu ya bò wá. N kò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Òkúta yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, okùn já, mo ṣubú lójú kan náà. Nígbà tí mo dìde, ajá mi kò sí. Afọ́jú ajá, lórí òkè, láàárín ọ̀gbun méjì! Mo ké tagbáratagbára: "Máwòmí!"

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìkúukùu náà ki sí i. Mo tún ké, "Máwòmí o!" Oòrùn tó rọra ń yọ lẹ́nu ìkúukùu fa ojú wọlé bí ìyàwó tuntun. Àwọn ẹyẹ tó bà lórí òkúta yí ẹ̀yìn padà sí mi, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àní òkè tó wà ní ọ̀kánkán, mo gbọ́ bí ó ti ń yíra padà, gìrìgìrì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá pe orúkọ náà, gbígbó Máwòmí á tún jìnnà sí i. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo jókòó, mo dákẹ́, mo ń sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ọdẹ ń sunkún. Bí mo ti dákẹ́ ni mo gbọ́ pé ohun tútù kan kàn mí lọ́wọ́. Imú Máwòmí ni. Òórùn mi ló tọ̀ wá.

N kò pè é mọ́ títí a fi dé orí òkè. N kò tíì mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ó ń sá fún okùn.

Orí Òkè Ìgbafẹ́! Báwo ni n ó ti sọ ọ́? Pápá koríko tútù kan tẹ́ lọ títí ó fi kan ọ̀run. Gbogbo ajá ọdẹ tó ti kú láyé yìí, ibẹ̀ ni wọ́n wà, wọ́n ń sáré, wọ́n ń yí gbirigbiri, kò sí ẹran níwájú wọn, kò sí ìbọn lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan nínú wọn, dúdú, tí etí rẹ̀ kan ya, yà lọ́nà, ó wá gbóòórùn ọwọ́ mi. Bínúkonú ni! Ajá bàbá mi, tó kú nígbà tí mo ṣì ń rìn ní ìhòòhò. Ó lá ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó sáré lọ. Mo ṣí fìlà mi. N kò mọ ẹni tí mo ṣí i fún.

Ní àárín pápá náà ni Ìyá Ajá dùbúlẹ̀ sí, ó funfun, ó tóbi tó abà àgbàdo. Ìsun náà wà ní iwájú rẹ̀. Ìsun Ìlajú kì í ṣe omi lásán, ẹ̀yin ènìyàn. Ojú ni. Ojú òkè náà ni, ó tẹ́ sínú àpáta, ó mọ́ gaara, ìpéǹpéjú òkúta wà lórí rẹ̀, ó sì ń wo ọ̀run láìṣẹ́jú. Orúnkún mi kan ilẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ìyá Ajá ní, "O káre, ìwọ tí ajá mú wá. Pe ajá rẹ kí ó súnmọ́ ìsun."

Mo gbàgbé ohun gbogbo. Mo ní, "Máwòmí!"

Ìpéǹpéjú òkúta náà pàdé, gbàmù! Ìsun pa ojú dé. Gbogbo ajá orí pápá dúró, wọ́n sì yí orí kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Ta lo ń bá wí?" Ìyá Ajá ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ajá mi ni mo pè."

"Mo gbọ́ ohun tí o pè. Ta lo ń bá wí?"

Ibẹ̀ ni àlọ́ obìnrin olóúnjẹ ti já fún ara rẹ̀ nínú mi. Òkò tí mo sọ sí ẹni iwájú, tó fọ́ ẹni ẹ̀yìn lójú! Mo ní, "Láníyonu ni. Ẹni tó ń gbé ilé tó kọjú sí tèmi."

"Ṣé Láníyonu gbọ́?"

"Kò gbọ́, Ìyá."

"Ajá gbọ́. Ajá kò mọ òwe, kò mọ ẹ̀dà ọ̀rọ̀. Ohun tí olówó rẹ̀ bá ní kí ó ṣe, òun ni yóò ṣe. Láti kékeré lo ti ń sọ fún un pé kí ó má wò ọ́. Ó fẹ́ràn rẹ, ó gbìyànjú, ó ti ń rí i ṣe báyìí."

Ẹ̀yin ènìyàn, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ìwo ẹfọ̀n lọ. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, mo ti gbọ́ ọ láti ìgbà èwe, n kò mọ̀ pé ó kan ajá.

Mo ní, "Ìyá, n ó yí orúkọ náà padà lónìí."

"Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀wù tí a ń bọ́ jù sílẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ín. Sọ̀ ọ́ kúrò lórí ajá, gbé e lọ fún Láníyonu, sọ ọ́ sójú rẹ̀. Kí o sì dúró títí yóò fi dá ọ lóhùn. Bí o bá yẹsẹ̀ kí ó tó fèsì, omi tí n ó fi sójú ajá yìí á gbẹ, kò sì ní sí òmíràn."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. "Ìyá, ṣé kò sí iwin burúkú kan tí n lè bá jà dípò rẹ̀? Bó jẹ́ olórí mẹ́ta, mo gbà."

Ìyá Ajá rẹ́rìn-ín, koríko pápá sì dùbúlẹ̀. "Kò sí, akọni. Láníyonu nìkan ni." Ó tẹ ahọ́n sí ìpéǹpéjú òkúta náà, ìyẹn rọra ṣí díẹ̀, ó fi ahọ́n gbọ́n omi, ó sì lá ojú Máwòmí méjèèjì. Omi náà dúró lójú ajá mi, kò ṣàn, kò gbẹ.

Bí a ti sọ̀kalẹ̀ kò lọ títí. Ṣùgbọ́n bí a ti ń súnmọ́ ilé ni àyà mi ń já. Ẹ ò mọ̀ bí ó ti rọrùn tó láti kojú iwin. Iwin kì í ṣe aládùúgbò ẹni. Ẹ ò ní bá a pàdé lọ́la nídìí kànga.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé, adìẹ ń wọ ilé. Láníyonu jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń hun agbọ̀n. Mo kọjá ẹnu ọ̀nà ara mi, mo lọ dúró níwájú rẹ̀, Máwòmí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ó là á mọ́ mi bí ìṣe rẹ̀.

Mo ní, "Láníyonu, orúkọ tí mò ń pe ajá yìí, ìwọ ni mò ń bá wí. Má wò mí."

Ó ju ọ̀pá agbọ̀n sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, kò sí ohùn. Ó ń wò mí. Ẹsẹ̀ mi ń sọ pé ká lọ, omi sì ń mì lójú ajá mi. Mo dúró. Iṣan ọrùn Láníyonu dìde. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ... ẹ k... ẹ k-k-k..."

Mo ní ó parí, "ẹ kú" ló fẹ́ sọ, pé kí n lọ kú, èpè ló fẹ́ gbé mi ṣẹ́. Mo mú ara le. Mo dúró, mo ń dúró. Adìẹ tó kẹ́yìn ti wọ ilé. Oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn ilé. Omijé ń bọ́ lójú ọkùnrin náà nítorí agídí tó ń bá ẹnu ara rẹ̀ ṣe.

"Ẹ k-k-káà... Ẹ káàárọ̀."

Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó ní ẹ káàárọ̀!

Bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò á pe bàbá. Ìkíni ni. Ìkíni òwúrọ̀ ọjọ́ tó dé àdúgbò wa ni, tó ti há sí i lọ́nà ọ̀fun láti ọjọ́ yẹn, tó ń gbé e síta fún mi lójoojúmọ́, tí mo sì ń kọjá lọ, tí mò ń pe ajá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé akólòlò ni. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo iwin inú igbó, èmi nìkan ni n kò mọ̀. Ìgbà tí mo bi Àwẹ̀ró ìdí tí kò fi sọ fún mi, ó ní, "Ṣé ẹ dúró gbọ́ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sí iyẹ̀pẹ̀ níwájú alágbọ̀n. Mo ní, "Káàárọ̀ o, Láníyonu. Ṣé dáadáa lo jí?" Ẹ̀kún gba ẹnu mi, àwa méjèèjì wá di akólòlò.

Níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, mo rí omi kan tó kán sórí iyẹ̀pẹ̀, ó funfun bíi wàrà. Mo gbé orí. Ojú ajá mi mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ó yí i kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ń wo ilẹ̀, nítorí ọmọ dáadáa ni, a kò tíì sọ fún un. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Wò mí."

Ó wò mí. Títí dòní kò tíì gbé ojú kúrò. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, Wòmí. Òun ló ń yọjú lẹ́nu ìlẹ̀kùn yẹn, tí ó ń wo ẹnu mi bí ẹni pé òun ló ń fi ọ̀rọ̀ sí i.

Òjò ti dá, mo rí i. Mo ti ní kí ó máa lọ, ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Láníyonu tó wà lẹ́yìn yín ti gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó ti la ẹnu, ó fẹ́ kí yín kú òjò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde.